Ilẹ̀kùn Láìsí Ògiri

Nígbà tí onílẹ̀ lé wa kúrò lóko ní Wéésì,
bàbá mi Hópíkìn fi òòlù tú ilẹ̀kùn.
Ó ní, "Ilé ni tiyín. Igi yìí, ọwọ́ mi ni mo fi là á."
Oṣù méjì lórí òkun, orí rẹ̀ la sùn lé,
èmi àti Tégíwẹ́ẹ̀dì àbúrò mi.
Bí ọkọ̀ bá fì sọ́tùn-ún, a yí sọ́tùn-ún.

A gúnlẹ̀ sí Patagóníà. Kò sígi.
Mo tún un sọ, torí ẹ kì í gbà mí gbọ́:
kò sí igi tó gùn tó ọ̀pá ìtilẹ̀ arúgbó.
Ẹ̀gún, iyanrìn, àti afẹ́fẹ́
tí kì í jókòó.
A gbẹ́ ihò sétí odò, a kó wọ inú rẹ̀ bí òkété.
Ṣùgbọ́n bàbá mi ri àfọ́kù igi ọkọ̀ méjì mọ́lẹ̀,
ó gbé ilẹ̀kùn kọ́ sáàárín pápá,
ó ní ògiri ń bọ̀.
Lálaalẹ́ ìyá mi á lọ tì í,
á fa ìdábùú, á padà wọ ihò.

Àlìkámà ọdún kìíní rúwé, ó wojú ọ̀run, ó kú.

Obìnrin kan nínú àwọn onílẹ̀ dé,
awọ gùànákò léjìká, ajá mẹ́fà lẹ́yìn.
Ó yí ilẹ̀kùn ká:
pápá níbí, pápá lọ́hùn-ún.
Ó ṣí i, ó gbabẹ̀ kọjá, ó padà, ó tì í pẹ̀lẹ́,
ó wá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ó gbé itan ẹran sẹ́nu ọ̀nà,
bí àlejò ti í ṣe,
àbí bí onílé ti í ṣe, n kò mọ̀.
Ẹran yẹn ni Tégíwẹ́ẹ̀dì jẹ tó fi rí ọdún kejì.
A ò bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ògiri dé lóòótọ́: bíríkì, òrùlé páànù,
ìwé ilẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa.
Lẹ́yìn ìwé, sójà. Wọ́n gun ẹṣin lọ sí gúúsù.
Odindi ọ̀sẹ̀ kan la fi ń rí èéfín.

Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan kànkùn.
Ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lẹ́,
bí ẹni tó ti mọ ilẹ̀kùn náà rí.
Bàbá mi ò sùn. Ìyá mi ò sùn.
Ìdábùú ò kúrò láyè ẹ̀.
Ilẹ̀ mọ́: ipa ẹsẹ̀ nínú iyanrìn,
ti ajá kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń bi mí
ìdí tí n kì í fi í tìlẹ̀kùn lálẹ́.
Ẹ ní afẹ́fẹ́ ń wọlé.
Mo gbọ́.
Ẹ wá aṣọ bora.