Sálúbàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Gbogbo àdúgbò ló ń bi mí pé ṣé n kò mọ̀.
Mo mọ̀. Ta ni kò mọ Múfútáù?
Ní gáréèjì, ọwọ́ rẹ̀ ló ń ka owó,
ọwọ́ náà ló ń ka eyín ẹni tí kò bá sanwó.

Àmọ́ nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè kan lásìkò òjò
ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdí-Arẹrẹ,
ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí agolo ọ̀dà,
ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ojú."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Iṣẹ́ tèmi, pátákó ni: aránṣọ, onígbàjámọ̀,
ẹ̀yìn lọ́rì, ẹkùn tó la ẹnu sílẹ̀.
Mo ní, mú búrọ́ọ̀ṣì. Ìka rẹ̀ nípọn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà,
ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ Sátidé ṣì wà lábẹ́ èékánná.
Ṣùgbọ́n nígbà tó fa ìlà àkọ́kọ́,
ìlà náà kò gbọ̀n.

Ọdún méjì ló fi ń wá.
Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú kẹrosíìnì,
ó ń pè mí lọ́gàá, òun tí gbogbo èèyàn ń pè lọ́gàá.
Ó ya ewúrẹ́. Ó ya ìyá rẹ̀ tó ti kú
sára páálí bisikíìtì,
ó sunkún nítorí imú kò jọ imú.
Lọ́jọ́ kejì mo gbọ́ pé ó fi ìgò la orí ọmọ kan ní Bẹẹrẹ.

Mo sọ fún un léraléra:
"Má ya ohun tí o rò. Ya ohun tí ojú rẹ rí."
Bí ọ̀gá tèmi ṣe sọ fún mi nìyẹn,
ọ̀rọ̀ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. N kò mọ̀ pé ó mú bí abẹ.

Oṣù Ẹrẹ́nà, Lámídì awakọ̀ táńkà di àwátì.
Ìyàwó rẹ̀ gbé fọ́tò kiri, láti Ṣáléńjì dé Ìwó Róòdù.
Wọ́n ní ó ti sá lọ sí Kútọnu, ó fẹ́ ẹlòmíràn síbẹ̀.
Obìnrin náà gbọ́. Kò gbà.

Ọjọ́ tí Múfútáù gbé e wá, ó fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun.
"Bàbá, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n yà."
Ó ti mọ̀ ọ́n yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́:
láti ogójì ọdún tí mo ti ń kun pátákó,
n kò rí omi tó dúdú tó bẹ́ẹ̀, tó sì tún ń tàn.
Kànga àpatì ni, ewé tẹ́tẹ́ létí rẹ̀,
ọkùnrin kan dojú dé nínú omi,
okùn búlúù lọ́rùn,
sálúbàtà kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ òsì,
tí wọ́n fi wáyà pupa so ìdè rẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló wà lára omi náà.
Ó padà lọ wò ó nìyẹn.

Lámídì ló máa ń fi wáyà so sálúbàtà.
Mo ti fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ rí, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó dáa?"
Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tó mú èsì ìdánwò wálé.
Mo ní, "Ó dáa."
Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù nìkan sì kọ́ ló sọ ọ́.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ kí ọ̀dà gbẹ.
Ó lọ, ó ń súfèé gba ọ̀nà Òkè Àdó.
Ọ̀dà kò tíì gbẹ tí mo fi gbé e dé tẹ́ṣọ̀n.
Ó lẹ̀ mọ́ mi ní àtàǹpàkò.

Wọ́n bá kànga náà lẹ́yìn Odínjó.
Kò fi ewé kan kún un. Kò yọ ọ̀kan.

Ní kóòtù, adájọ́ gbé àwòrán náà síwájú,
ó wò ó pẹ́, ó pẹ́ ju bí òfin ṣe béèrè lọ.
Múfútáù kò wo adájọ́, kò wo ìyàwó Lámídì.
Èmi ló ń wò.
Ó fi àgbọ̀n juwe igun àwòrán náà nísàlẹ̀,
níbi tó kọ orúkọ rẹ̀ sí,
lẹ́tà kékeré, tó gún régé,
bí mo ṣe kọ́ ọ.