Àpò Iyanrìn

Ní Dundee, létí odò Tay, níbi tí atẹ́gùn ń rùn bí epo àbùùbùtán,
Netta Lorimer kì í fi ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.
Ìka ló fi ń sọ ọ́. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti jẹ etí ọ̀tún tán,
ó ń jẹ tòsì bọ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ó na ìka méjì: ọ̀gá ń bọ̀.
Ọkọ rẹ̀ ń bẹ nílé, ó ń gbé omi tíì kaná;
obìnrin ni wọ́n ń gbà síṣẹ́, owó obìnrin kéré.

Lọ́dún tí ogun bẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù:
àpò mílíọ̀nù mẹ́wàá, kíá.
Àwọn ọmọ ogun fẹ́ rọ iyanrìn sí i, kí ọta má bà wọ́n.
Ẹ̀rọ ò sùn mọ́. Netta ra bàtà,
ó ra aago ògiri, ó jẹ ẹran lọ́jọ́ tí kì í ṣe Sọ́ńdè.
Nígbà òtútù, wáyà dé nípa Dod, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin.
Wọ́n ní ẹ̀yìn àpò ló wà.
Kò bèèrè ta ló hun ún.

Ogun parí. Ta ló tún fẹ́ àpò?
Ẹyẹlé gba òkè àjà, aago ògiri lọ di ìdógò.
Ogun mìíràn dé, ilẹ̀kùn ṣí. Ó parí, ilẹ̀kùn tì.
Àwọn ọ̀mọ̀wé yà á sórí ìwé bí ìgbì òkun:
ó gòkè, ó sọ̀, àádọ́ta ọdún, ó tún gòkè.
Wọn ò ya Dod sí i.

Ìgbà tó yá, àpò ọ̀rá dé, ó fúyẹ́, kì í jẹrà.
Ohun tí ogun dá sí, ọgbọ́n orí pa á.

Ogun, ogún, òógùn:
ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Lónìí, nínú ilé-iṣẹ́ àtijọ́ yẹn, tí wọ́n ti kùn ní funfun,
Iona, ọmọ-ọmọ-ọmọ Netta, jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ó ń ṣe eré ogun tí àwọn ọmọdé ń ta lórí fóònù.
Ìka rẹ̀ ń sáré. Ó fi ẹ̀rọ orin dí etí méjèèjì.
Ọ̀gá ní ojú ìjà náà ṣófo jù.
Ó ya àpò iyanrìn kan,
ó tẹ bọ́tìnnì, àpò di ẹgbẹ̀rún,
láìsí eruku, láìsí ẹni tó ra bàtà.
Ó wá sún mọ́ ọn, ó ń ya okùn rẹ̀ ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan.
Sójà kékeré kan ba sẹ́yìn rẹ̀.
Kò tíì lórúkọ.