Ojúewé Keje: Bí A Ṣe Ń Fa Bẹ́líìtì Le

Aago méjì òru, fóònù bàbá mi tún dún.
Ẹnì kan láti Ìṣarà ni:
"Ọ̀gá Ọnàsílé, ẹ̀rọ tí mo fi ń rin ẹ̀gẹ́
ń ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n so sínú òjò."
Bàbá mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì,
ó ń fi ọwọ́ ya àwòrán sínú òkùnkùn
bíi pé ẹni náà ń wò ó.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń jó irin n'Íjẹ̀bú-Igbó,
ẹ̀rọ tó lé ní igba ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde,
kò sí ọ̀kan tó bá ìwé lọ.
Orí ahọ́n ni ìwé rẹ̀ wà.
Ahọ́n náà sì ti ń sún mọ́ àádọ́rin.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan,
kó dúró sórí ìkànnì, kí gbogbo ayé rí i."
Ó ní, "Ta ni yóò máa dá wọn lóhùn níbẹ̀?"
Mo ní kò sẹ́nì kankan.
Ojúewé tó kàn jókòó ni,
kì í bi ọ́ léèrè orúkọ, kì í gba ọ̀rọ̀ aṣínà,
bí o ṣe bá a lánàá ni wàá bá a lọ́la.
"Bíi pèrègún ààlà," ló wí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Fáìlì kan fún bẹ́líìtì, òmíràn fún páànù oníhò,
ọ̀rọ̀ lásán, láìlẹ́ṣọ̀ọ́:
àmì kan níwájú ìlà, ó di àkòrí;
ìràwọ̀ méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ọ̀rọ̀ á sanra.
PA Ẹ́ŃJÌNÌ KÍ O TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN.
Ìyẹn ni mo fún ní ìràwọ̀ jù.
Ẹ wo ọwọ́ òsì bàbá mi kí ẹ tó béèrè ìdí.

Ó ku aṣọ.
Àwọn tí a ò mọ̀ ti rán an sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́,
o kàn máa mú èyí tó bá ọ mu.
Mo wọ dúdú tó ń dán fún un;
Bàbá ní ó jọ báńkì tó fẹ́ kógbá wọlé.
Mo wọ aláwọ̀ ewé, àkòrí rẹ̀ gba gbogbo ojú fóònù;
ó ní èyí ń ṣe fáàrí, kò níṣẹ́ lọ́wọ́.
Ìkẹta: funfun, àtòjọ lápá òsì, lẹ́tà gbàǹgbà.
Ó ti gíláàsì rẹ̀ sókè, kò sọ nǹkan kan.
Mo mọ bí bàbá mi ṣe ń gbà.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà kọ́ ọ. Ó kọ̀.
Ó ní ìlà kẹrìndínlógún.
Mo wò ó títí ojú mi fi ṣe bàìbàì.
Àlàfo kan ló dín. Àlàfo!
Ohun tí kò sí
ni kò jẹ́ kí ohun tó wà dúró.
Bàbá, tó ń mu gààrí lọ́wọ́, ní,
"Wáṣà ni. Mo ti tú odidi ẹ̀rọ nítorí wáṣà kan rí."

Iná lọ.
Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù,
mo jókòó sórí gẹdú tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀,
ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀.
Bátìrì ku ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Mo tì í jáde.
Ìṣẹ́jú kan. Méjì.
Kò sí ariwo, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́,
àdírẹ́sì kan kàn lajú bí ọmọ titun.

Bàbá ka ojúewé keje, ètè rẹ̀ ń lọ:
"Ìka méjì ni mo ní kó fi dẹ̀. Mẹ́ta lo kọ."
Mo tún un ṣe. Mo tún un tì.

Lóru ọjọ́ náà, fóònù ò dún.
Aago méjì kọjá. Mo gbọ́ tó ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì.
Ilẹ̀ mọ́, ó ní ṣé mo lè mọ iye ẹni tó ti wò ó.
"Ẹni mẹ́rin."
Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.
"Wọn ò sì kí mi?"

Nísàlẹ̀ gbogbo ojúewé, mo fi ìlà kan kún un:
Bó bá ti yé ọ, pe Ọ̀gá Ọnàsílé, kí o kí i.
Ọ̀sán ni o.