Nínú Ìda

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí bébà funfun.
Endel ká a pọ̀, ó fomi lé e lọ.
Ìgbà òtútù méjì gbáko ló fi ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí.
Àgbàlagbà tó ń sin oyin ni, lẹ́yìn ìlú Tartu;
bó bá jókòó tó dùn ún, á ní àga ló le.

Dókítà ọ̀dọ́bìnrin kan ló fìka kàn án,
tó sì dákẹ́ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.
Wọ́n gé e bí ẹ̀wà kan ṣoṣo,
wọ́n jù ú sínú ìgò, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i.

Virve ló gbà á, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀
níbi tí yìnyín ti bo fèrèsé dé ìdajì.
Wọ́n ti rì í sínú ìda kó lè le,
wọ́n ti rẹ́ ẹ, ó fẹ́lẹ́ ju ìyẹ́ oyin lọ.
Ó tẹjú mọ́ awò amúǹkantóbi.
Àwọ̀ osùn. Àwọ̀ elésè àlùkò.
Àwọn kan kóra jọ síbẹ̀ tí wọn ò jọ ará ilé,
wọn ò sì jọ àlejò tí a mọ̀.

Ṣé jẹjẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni?
Ó tún un wò. Rárá.
Ṣé èyí tó máa ń hù lára iṣan ìfun?
Ó da aró kan lé e, kò mu.
Ó da òmíràn, kò mu.
Kọfí tutù. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù, kò gbé e.
Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ;
Virve wolé títí, ilé ò sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, aró kẹrin mu,
gbogbo rẹ̀ pupa fòò.
Ó fẹ̀yìn ti àga.
Jẹjẹrẹ awọ ni! Èyí tí wọ́n ní oòrùn ló ń fà,
tó ń dú bí èédú lẹ́yìn àwọn tó ń yáàrùn létí òkun,
òun ló wá síbí láìdú rárá,
síbi tí oòrùn ò yà rí
láti ọjọ́ tí ìyá Endel ti bí i.

Ó fi í ránṣẹ́ sí Helsinki, kí ojú kejì bá a wò ó.
Ohun téèyàn rí lẹ́ẹ̀kan láàárín ogún ọdún,
kì í dá a pè.
Èsì dé lọ́jọ́bọ̀: bẹ́ẹ̀ ni.

Ìlà mẹ́ta ló kọ. Ó pa ọ̀kan rẹ́, ó tún un kọ.
Kò rí Endel rí. Kò mọ̀ pé
láàárọ̀ yẹn gan-an, bàbá náà wà lẹ́yìnkùlé,
ó fi etí lé ilé oyin kan tí yìnyín bò,
ó ń gbọ́ bóyá wọ́n ṣì ń kùn
nínú ìda wọn.