Ẹni Tí Yóò Wọ́ Ọkọ̀

Mo fi máákà kọ ọ́ sára páálí,
mo so ó mọ́ géètì ilé wa ní Ìsọ̀kùn:
A N WA AWAKO.
Mi ò fàmì sí i. Àwọn ọmọ iléèwé dúró,
wọ́n pe ara wọn jọ, wọ́n ní ìyá yìí ń wá ọkọ.
Mo rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ń bẹ nínú yàrá,
ó dojú kọ fèrèsé, apá ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́,
apá tó fi yí jíà fún ọdún mọ́kànlélógún;
àìsàn gbà á lóru ọjọ́ kan bí ẹni gba kọ́kọ́rọ́.

Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń wọ ọkọ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń wa ọkọ̀.
Ẹni tí yóò wọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jáde nínú kòtò
kò wọ́pọ̀ ní Iléṣà.

Ṣọ́ládoyè ló kọ́kọ́ dé, bàtà rẹ̀ funfun.
Ó da ìwé sórí tábìlì bí ẹni ń pín káàdì:
ó ti wa ọkọ̀ epo, ó ti wa ọkọ̀ ìjọba, ó ti dé Kánò.
Ó gun tówìn náà, ó ṣáná sí i,
jíà ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù.
Láti ojú fèrèsé mo gbọ́ tí ọkọ mi fọwọ́ òsì lu abọ́ páànù,
lẹ́ẹ̀kan.
Mo ní kó máa lọ, a ó pè é.

Jìmọ́ ò mú ìwé kankan wá. Iṣan apá ló mú wá.
Ó wà á dáadáa, n ò ní purọ́ mọ́ ọn,
páànù ò dún.
Mo bi í pé, bí ọkọ̀ bá ṣubú ní Ìwàràjà lóru,
èló lo máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín?
Ó ní, “Màmá, ẹni tó wà nínú kòtò kì í nájà.”
Ó rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kémi náà rín in.
Òṣómàáló ni bàbá mi, ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí eékún rẹ̀ fi bàjẹ́;
mo mọ adùn owó, mo sì mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó.
Mo fún Jìmọ́ lówó ọkọ̀. Ó bínú lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, Ògúnmódedé ti Ìbòdì dé,
ó pá lórí, ó ń jẹ gúgúrú látinú àpò ṣẹ́ẹ̀tì.
Kò tíì kí mi tán tó ti yí sẹ́yìn ọkọ̀.
Ó fi àtàǹpàkò tọ wáyà ìwọ́kọ̀ náà látòkè délẹ̀,
ìka rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀.
“Ó ti ń hu irun. N ò ní wà á.”
Mo ní, ìwọ tó ń wáṣẹ́?
Ó ní, “Wáyà tó bá já, ọrùn èèyàn ló máa ń wá lọ.
Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó pè mí.”
Ó gbọn gúgúrú ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Mo fi ìbínú wọlé. Mo bá páànù nílẹ̀,
ọkọ mi ti gbá a sọnù,
ojú rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kan, kò rí i.
N ò bi í. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà.
Ó ti sọ ọ́ fún mi nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le,
níbi tí mo ti ń ka owó:
Wáyà yẹn, Àwẹ̀ró.
Mo ní, ó di ọdún tuntun.

Mo ta fìríìjì. Omi àmù náà tutù.

Ọjọ́ Ajé ni Ògúnmódedé bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dé,
ó bèèrè oúnjẹ kó tó bèèrè owó oṣù.
Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ̀ kòkó kan dànù lọ́nà Ìpetu.
Mo jókòó ti ọkọ mi, fèrèsé wà ní ṣíṣí,
títí a fi gbọ́ tówìn náà tó ń gun òkè bọ̀
pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì fẹ́ kú,
ọwọ́ òsì ọkọ mi sì wá ọwọ́ mi rí lórí bẹ́ẹ̀dì,
ó dì í mú bí orí jíà,
ó rọra fà á sẹ́yìn.