Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Yá

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń ṣí ilẹ̀kùn yìí
kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé ta ló ní kí n máa ṣí i.
Yàrá kan ni, lẹ́yìn ṣáláńgá àwọn olùkọ́, ní Ìwáyà,
níbi tí èéfín Mákòkó ti ń wọlé láìkanlẹ̀kùn,
tí gbogbo ìwé wa, láti orí ìṣirò dé orí ìtàn,
fi ń rùn bí ẹja yíyan.

Lẹ́tà dé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀gá kà á tán, ó yọ awò ojú:
"Ìyá Ìbídùn, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní ìwé-àṣẹ
kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́ bí sáà kẹta bá ti wọlé."
Mo wo kọ́kọ́rọ́. Okùn bàtà ni mo fi so ó.

Bẹ́ẹ̀ ni mo padà di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta,
ní kíláàsì alẹ́ kan ní Yábàá
tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ mi ti ń pè mí ní Mọ́mì.
Owó fọ́ọ̀mù jẹ èésú oṣù mẹ́ta.
Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fún ìwé ní nọ́ńbà:
ẹ̀sìn níbí, sáyẹ́ǹsì lọ́hùn-ún.
Mo na ọwọ́ sókè. Mo ní, èyí tí eku ti jẹ ìdajì rẹ̀ ńkọ́?
Èyí tí kò léèpo mọ́, tí a ò mọ ẹni tó kọ ọ́,
àmọ́ tí àwọn ọmọ ń tìtorí rẹ̀ jà,
nọ́ńbà wo la ó fún un?
Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ò sí nínú ìdánwò.

Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìdánwò ọ̀hún.
Ohun kékeré tí a fi ń darí rẹ̀, tó ń sá kiri lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi,
wọ́n ní eku lorúkọ rẹ̀.
Mo ní, ọ̀tá mi àtijọ́, ibí náà lo wà.
Àádọ́ta ni wọ́n ń fẹ́. Mo gba mọ́kànléláàádọ́ta.

Ìwé-àṣẹ jáde: Mojíradé.
Mojírayọ̀ ni mí.
Èmi tí mo ń to orúkọ olórúkọ láti A dé Y,
tí n kì í jẹ́ kí àmì kan ṣoṣo já bọ́,
wọ́n gbé adé ka ibi tí ayọ̀ wà.
Akọ̀wé ní, "Mà, ṣé adé ò dáa ju ayọ̀ lọ ni?"
Ó dáa. Ti ẹlòmíì ni.
Mo lọ búra ní kóòtù pé èmi ni mo jẹ́ èmi,
mo sanwó ìbúra, mo dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọjọ́ tí mo gbé èyí tó pé dé, Sẹ́namí ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù láti inú ọkọ̀ ojú omi.
Ó ní, "Mà, ìwé tí ẹ yá mi nígbà tẹ́ ò tíì láṣẹ,
ṣé dandan ni kí n dá a padà?"
Mo ronú sí i gan-an. Wọn ò kọ́ wa nìyẹn náà.

Ògiri tó yẹ kí n fi í kọ́, òjò ń wọ̀ ọ́.
Mo fún un ní nọ́ńbà, mo tì í sáàárín àwọn ìwé atúmọ̀,
mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kò ṣe é yá.
Sẹ́namí ní ìyá òun ò gbà gbọ́
pé obìnrin tó ti ń hewú lè jókòó ṣe ìdánwò.
Kí n jẹ́ kí òun gbé e lọ hàn án.

Mo wo ohun tí mo kọ.
Mo wo ọmọ náà.
Mo fa káàdì yọ, mo kọ orúkọ rẹ̀, mo lu òǹtẹ̀: Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ló tó dá a padà.
Ó ń rùn bíi tàwọn yòókù.