Ẹ̀yìn Ìwé

Ogún ọdún ó lé méjì ni mo ti ń lẹ ẹ̀yìn mọ́ ìwé
ní Ṣómólú, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò gbà ju ènìyàn mẹ́ta lọ:
ìwé àdúrà, ìwé ètò ìsìnkú,
ìwé kéú tí ń ṣí láti ọ̀tún.
N kì í jẹ́ kí ìwé jáde kí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́.
Ẹ̀yìn tèmi ńkọ́?
Ẹnì kan kò bi mí. Èmi náà kò bi ara mi.

Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fi ìka kàn mí lábẹ́ eegun èjìká òsì.
Mo yíjú, mo ní ta ni.
Nígbà tó fi di oṣù kejì, ìka ti di ọ̀bẹ,
mo ń wọ ẹ̀wù bí ẹni ń jí i wọ̀.
Sídíkátù fi òrí àti róòbù ra mí títí yàrá fi ń ta imú.
Ọmọ tó ń gé pépà ní ọfà ni,
ẹnì kan ló ta á láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kejì.
Àbúrò mi ní jẹdíjẹdí ni, kí n yé mu gààrí oníṣúgà.
Mo yé mu ún.
Gààrí kò dùn mọ́, ẹ̀yìn ṣì ń dùn mí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Fádéyí ni wọ́n júwe,
ọmọbìnrin tí mo lè bí, Ọláfìmíhàn,
tí ń fi ọwọ́ lásán ka ara.
Mo ní, "Dókítà, ẹ bá mi to eegun yìí."
Ó ní, "Eegun yín kò ṣẹ́. Kò sí ohun tí n ó tò.
Ẹ dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró."
Mo dúró bí ṣọ́jà.
Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ní bí ẹ ṣe máa ń dúró."

Kò fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí.
Ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún ló dì mú, ó yí i díẹ̀,
ó dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ rédíò ilé kejì.
"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yìí rí?"
Kò ṣe nǹkan kan.
Ó tún dákẹ́.
Àfi ọjọ́ òjò kan, mo ní, ní Bàríga,
tí mo fo gọ́tà pẹ̀lú páálí ìwé lórí,
tí ẹsẹ̀ yí, tí mo dìde, tí mo rìn lọ.
Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ìwé kò tutù.

"Ẹ rìn lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀.
Ó bẹ̀rù ilẹ̀, ó ti ẹrù sí òsì,
ìbàdí òsì gbé sókè, ọ̀pá ẹ̀yìn tẹ̀ láti bá a mu,
èjìká wá ń ru ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.
Ibi tó ń ké, ẹlẹ́rìí ni. Kì í ṣe ọ̀daràn."

Háà. Mo mọ èyí!
Bí ìdì àkọ́kọ́ bá wọ́ nídìí abẹ́rẹ́,
ìkejì á wọ́ tẹ̀lé e, ojú ewé ọgọ́rùn-ún á wọ́,
oníbàárà á wá fìka sí èèpo, á ní ibí ló bàjẹ́.

Ọwọ́ rẹ̀ kò le. Mo ti rò pé nǹkan yóò dún kẹ̀ẹ́.
Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ sí mi níhà, ó ní kí n mí.
Mo mí. Ó ní ìyẹn kọ́,
kí n mí débi tí ọwọ́ òun wà.

Ẹ má rò pé mo ń fò délé.
Lálẹ́ ọjọ́ náà ara ń ro mí bí ẹni kọ ebè.
Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọwọ́ òun kọ́ ni yóò wò mí,
ó kàn ń rán ara létí ni.
Kí n máa dúró lẹ́sẹ̀ kan bí mo bá ń fọ eyín,
kí n pín páálí sí méjì, kí n yé há fóònù mọ́ ọrùn.
Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló nira jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyí. Láàárọ̀ àná mo wọ ẹ̀wù tán
kí n tó rántí pé ó yẹ kó dùn mí.
Ó ṣì máa ń padà, pàápàá bí òjò bá ṣú,
ṣùgbọ́n mo ti mọ ojúlé tó ti ń bọ̀.

Ọmọ tó ń gé pépà bá mi lẹ́sẹ̀ kan nídìí gọ́ọ̀mù,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti di lékeléke ni?"
Mo ní gé pépà rẹ.
Ó yí padà sí ẹ̀rọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Èjìká ọ̀tún fi ìka kan ga ju òsì lọ.